Mo Kọ́ Ọmọ Idigny ní Àfiwé, Wọ́n Ní Olè Ni Mo Kọ́ Wọn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni èmi ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Kétu ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá jù lọ ẹ̀ka rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sá fún, ìyẹn ọnà èdè. Bí òǹkọ̀wé ṣe ń fi nǹkan wé nǹkan, bí ó ṣe ń sọ òkúta di ènìyàn, bí ó ṣe ń bú ni bí ẹni tó ń yin ni: òun ni mo fi jẹun, òun ni mo fi tọ́ ọmọ, òun náà ló sì dá ọgbẹ́ kan sí mi lára tí kò tíì jinná. Ẹni tí kò bá sọ ìtàn ara rẹ̀, ará ìta á bá a sọ ọ́, wọn kì í sì í sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálámù.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní adùn kan nínú. Mo ṣe ìdánwò, mo yege, wọ́n fún mi ní ìwé. Owó oṣù kò pọ̀, ebi kò sì pa mí. Ó parí síbẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni ó yẹ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, olùkọ́ tuntun kì í dá kíláàsì gbà. Ẹ̀yìn olùkọ́ àgbà ni yóò jókòó sí fún odindi ọdún kan, bí ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ṣe ń jókòó ti ẹwìrì. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àkànbí ni wọ́n fi mí sí, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìlú Kétu. Ọmọ Okpomèta ni Ọ̀gá, ọkùnrin gíga tí aṣọ kakí rẹ̀ máa ń le gan-gan bí pátákó, tí kì í gbé ohùn sókè nítorí pé kò sẹ́ni tó jẹ́ kó di dandan fún un. Kí àwọn ọmọ tó dé láàárọ̀, èmi ti wà níwájú pátákó ìkọ̀wé, mo ń kọ gbólóhùn. Bí ìlà mi bá wọ́ díẹ̀, Ọ̀gá á nù ún kúrò láìsọ̀rọ̀, á sì dá ẹfun padà sí mi lọ́wọ́.

Ọ̀gá kórìíra kí ọmọ máa sọ Nàgó nínú ọgbà ilé ìwé. Egungun màlúù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi okùn sí, sínyàálì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ á fi í kọ́rùn, títí òun náà á fi rí ẹlòmíràn mú. Ọrùn ẹni tí egungun bá wà nígbà tí agogo ìparí bá dún, òun ni yóò gbá gbogbo ọgbà. Báyìí ni gbogbo ilé ìwé ilẹ̀ wa rí nígbà náà.

Ní ọjọ́ kan, Ọ̀gá ń kọ́ wọn ní àfiwé tààrà. Ó kọ ọ́ sójú pátákó, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, pé aṣọ náà funfun bí òjò dídì. Ọmọkùnrin kan dìde.

"Ọ̀gá, kí ni òjò dídì?"

"Nǹkan funfun ni."

"Báwo ló ṣe funfun tó, Ọ̀gá?"

"Ó funfun bí òjò dídì. Jókòó."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo wà lẹ́yìn ni n kò lè pa á mọ́ra. Mo tẹ̀ sí etí ọmọ tó wà nítòsí mi, mo fi Nàgó sọ fún un pé, "Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé ó funfun bí òwú." Mo rò pé Ọ̀gá kò gbọ́. Ó rìn wá jẹ́jẹ́, ó bọ́ egungun náà lọ́rùn ọmọ kan, ó sì fi kọ́ èmi olùkọ́ lọ́rùn níṣojú àwọn ọmọ. Nígbà tí agogo dún, mo gbá ọgbà.

"Mo ti gbá a tán, Ọ̀gá."

"Ẹ̀yìn ilé ìdáná ńkọ́?"

Mo lọ gbá ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ẹ rò pé òkúrorò lásán ni. Ọ̀gá Àkànbí ló fún mi ní ohun èlò tó wúlò jù lọ nínú iṣẹ́ mi. Bí ọmọ bá ti fi ìka tọ́ka sí ọnà èdè kan nínú àyọkà, tó sì ti dárúkọ rẹ̀, inú àwọn olùkọ́ mìíràn á dùn, wọ́n á kọjá lọ. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Á fi ọwọ́ bo ọnà èdè náà lójú pátákó, á ní kí ọmọ ka gbólóhùn náà láìsí i. Lẹ́yìn náà á ṣí i. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Kí ni ó fi kún ọ̀rọ̀?" Bí kò bá fi nǹkan kan kún un, ẹ̀ṣọ́ òfìfo ni. Bí ó bá fi kún un, kí ọmọ sọ ohun náà ní gbólóhùn tó gún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń há orúkọ ọnà èdè sórí bí ẹni ń há orúkọ àwọn ọba, ìbéèrè yẹn ni kí ẹ mú lọ. Orúkọ nìkan kì í mú ẹnikẹ́ni yege.

Nígbà tí ọdún náà pé, wọ́n gbé mi lọ sí Idigny. Ilẹ̀ àgbàdo, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ iṣu. Mo kọ orúkọ àwọn ọnà èdè sójú pátákó, mo túmọ̀ wọn, àwọn ọmọ sì dà á kọ tìtara-tìtara. Bí mo bá bèèrè lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti ṣan lọ. Mo gbìyànjú fún ìgbà pípẹ́, ọkàn mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀wẹ̀sì.

Ìyàwó onílé mi ló là mí lójú láìmọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní, "Mú iná wá o, okùn wà lẹ́nu ọ̀nà." Ọmọ náà kò bèèrè okùn wo, ó gbé iná pẹ̀lú igi. Gbogbo wa la mọ̀ pé ejò ni, pé a kì í pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ọmọ náà bó ṣe ń ṣán ejò. Àdàpè nìyẹn. Ohun tí mo ti ń fi oṣù púpọ̀ túmọ̀ fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu ìyá wọn ló ti ń jáde láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé.

Ní ọjọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn kíláàsì, mo ní, "Lónìí, kò sí egungun lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Kí ni ìyá yín ń pe ejò bí ilẹ̀ bá ṣú?" Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Kí ló dé tí kò pè é ní ejò?" Ariwo sọ. Láti ọjọ́ náà ni kíláàsì ti jí. A kọ́kọ́ máa ń mú ọnà èdè náà nínú Nàgó, nílé, lóko, nínú èébú. A ó bi í ní ìbéèrè Ọ̀gá Àkànbí. Lẹ́yìn náà la ó tó gbé e wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kò sinmi na ọwọ́ sókè lọ́jọ́ kan.

"Ọ̀gá, bí a bá ní orí yín ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ṣé àfiwé ni àbí ìwọ̀sí?"

"Méjèèjì ni. Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì."

Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, láìsí àṣìṣe kan. Mo fún un ní máàkì, mo sì ní kó lọ fọ àwọn àwo ilé ìdáná kó lè túbọ̀ mọ ohun tó ń sọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọ̀gá Àfiwé, títí dé ẹnu àwọn awakọ̀ zẹ́míjàn, alùpùpù tó ń gbé èrò.

Irinṣẹ́ ń yí padà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ẹfun àti pátákó ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí láti tẹ ìwé dé, aṣọ mi sì kún fún tàdáwà. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó ń gba ohùn sílẹ̀ dé, mo gbé e lọ sóko, mo gba bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ sínú rẹ̀, mo sì ń lò ó fún ẹ̀kọ́ ẹ̀dà-ọ̀rọ̀. Máàkì Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Idigny ń gòkè. Àwọn kan ní ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí à ń jẹ.

Nígbà náà ni àjálù náà dé.

Ẹni tó bá mọ òkè Kétu mọ̀ pé omi jìn sí wa. Kí ẹ̀rọ omi tó dé, òjò la fi ń gbé ilé ayé. Nítorí náà, bí àkọ́rọ̀ òjò bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ Idigny á gbé ìkòkò àti garawa síta, wọ́n á sì kí i pé: "Ìyá tó rìnnà jìnnà, káàbọ̀. A kò ní bi ọ́ ibi tí o sùn." Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó pẹ́ lájò, bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó lẹ́nu ọ̀nà, ó lè bínú padà. Ẹnì kan kò kọ́ ẹnì kan. Ọmọ tó bá ti lè gbé igbá ti mọ̀ ọ́n.

Ní ìdánwò ìparí ọdún kan, ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìlà díẹ̀ nínú èyí tí ohun tí kì í ṣe ènìyàn yóò ti máa hùwà bí ènìyàn. Ìfohunpènìyàn nìyẹn. Kí ni ẹ rò pé àwọn ọmọ mi kọ? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló kọ nípa òjò tó jẹ́ ìyá, tó ti àjò dé, tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í ibi tó sùn. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò kì í ṣe ará ìhà ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n rí ọ̀rọ̀ kan náà nínú ìwé lórí ìwé, wọ́n sì parí èrò sí pé olùkọ́ ló tú ìdáhùn fún wọn.

Wọn kò ránṣẹ́ pè mí kí wọ́n bi mí. Wọ́n yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ náà gbé ọkọ̀ wá sí Idigny, wọ́n pe àwọn òbí jọ sínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọ̀sán gangan. Alága wọn dìde, ó ka orúkọ àwọn ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan, ó ní wọ́n jí ìdáhùn, ìdánwò wọn kò sí mọ́, wọn ó tún kíláàsì náà ṣe. Ìyá kan fi gèlè bo ojú. Bàbá kan tó jẹ́ àgbà ìjọ dìde, ó sì lọ láìwo ẹ̀yìn.

Orúkọ Adúkẹ́ wà níbẹ̀. Adúkẹ́ ni ọmọ tó mọ̀wé jù lọ tí mo kọ́ rí. Bàbá rẹ̀ ti kú, àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń rán an níwèé, ó sì ti kìlọ̀ fún un látilẹ̀ pé ọdún tó bá tún kíláàsì kan ṣe, òun ó fi í ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Porto-Novo kó lọ máa bá a ta aṣọ. Kí alága tó jókòó, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láàárín àwọn èrò: "Adúkẹ́, ó tó. Lọ di ẹrù rẹ."

Mo bọ́ síwájú. Alága wò mí.

"Olùkọ́, ọmọ mélòó ló lè ro ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Alàgbà, bí wọ́n bá ní kí ẹ̀yin ìgbìmọ̀ kọ bí a ṣe ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ṣé ìdáhùn yín á yàtọ̀ síra?"

"Ẹ má fi mí wé ọmọdé."

"Àfiwé ni iṣẹ́ mi, alàgbà."

Àwọn òbí kan rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó pè mí wọ inú ọ́fíìsì olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì fi ọ̀nà kan hàn mí. Kí n fọwọ́ sí i pé èmi ni mo fún wọn ní ìlà yẹn kí wọ́n tó wọlé ìdánwò. A ó ka àwọn ọmọ sí ẹni tí a ṣì lọ́nà, máàkì wọn á padà, a ó sì gbé èmi lọ sí ibòmíràn. Bí n kò bá fọwọ́ sí i, ìdájọ́ dúró. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún mi láti rò ó.

Àbúrò bàbá Adúkẹ́ wá bá mi nílé, òun àti ọmọ náà.

"Ọ̀gá, ẹ bá wa fọwọ́ sí i. Ìtìjú ni, kì í ṣe ikú. Ẹ ó gbàgbé rẹ̀."

"Irọ́ ni mo máa fọwọ́ sí."

"Ta ni kì í purọ́ fún ìjọba, Ọ̀gá? Ọmọ yìí ni kí ẹ wò."

Adúkẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúnlẹ̀. "Bàbá, bí Ọ̀gá bá fọwọ́ sí i, wọ́n ti gbà pé ìlà yẹn kì í ṣe tiwa nìyẹn. Ibi yòówù tí mo bá kàwé dé, olè ló dé ibẹ̀."

"Ìwọ ni o fẹ́ lọ ta aṣọ?"

"Kí n ta aṣọ, kí ó jẹ́ aṣọ mi ni mò ń tà."

Mo ti mọ ohun tí n ó ṣe kó tó dìde lórí eékún. N kò fọwọ́ sí i. Mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fi ẹnu dán àwọn ọmọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, níwájú mi tàbí lẹ́yìn mi, ibi tó bá wù wọ́n. Wọ́n kọ̀. Mo tún bẹ̀ wọ́n. Wọ́n tún kọ̀. Nígbà náà ni mo lọ sí Okpomèta, ibi tí Ọ̀gá Àkànbí ti ń jẹ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, mo sì ro ẹjọ́ fún un. Ó dìde. Ó wọ aṣọ kakí rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ padà wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láti fi ìdí ìdájọ́ náà múlẹ̀, Ọ̀gá bọ́ sílẹ̀ lórí zẹ́míjàn, eruku pupa bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Alága rí i, ó sì dìde fùú. Àṣé Ọ̀gá ló kọ́ òun náà, nígbà tó jẹ́ ọmọ àlejò ní Kétu.

"Jókòó," ni Ọ̀gá wí. "Ẹlẹ́rìí ni mo wá ṣe."

"Ọ̀gá, ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òjò yìí rí?"

"Ìyá mi ló ń sọ ọ́. Èmi náà ń sọ ọ́ kí n tó mọ ìwé." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá rẹ̀ mú. "Mo so egungun mọ́ ọmọ kan lọ́rùn nítorí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ní Kétu. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí. Òjò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀gá fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka síta. "Dán wọn wò. Fún wọn ní ohun tí ìyá ẹnikẹ́ni kò sọ rí."

Alága wo yíká. Ohun tí ojú rẹ̀ bà lé ni ọkọ̀ ara rẹ̀, tó ti yí sí ọ̀nà, tó dúró lábẹ́ igi ìrókò. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọlé, kó sọ ọkọ̀ náà di ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, kó sì ṣàlàyé. Ọ̀kan ní ọkọ̀ náà ń làágùn bí ẹni tó gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Òmíràn ní ó pa ojú dé kó má bàa rí eruku wa. Kò sí méjì tó bára mu. Adúkẹ́ ló kẹ́yìn.

Ó ní, "Ọkọ̀ náà kẹ̀yìn sí wa bí àlejò tó ti mọ ìdájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́."

Alága gbé ojú sókè. "Kí ni ìyẹn fi kún ọ̀rọ̀?"

"Bí a bá yọ ọ́ kúrò, alàgbà, ọkọ̀ nìkan ló kù. Ẹ̀yin kò ní sí nínú rẹ̀ mọ́."

Ọ̀gá Àkànbí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó sì wúkọ́ pẹ́. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín rí ṣáájú ọjọ́ náà, bó bá jẹ́ pé ẹ̀rín ni.

Wọ́n dá máàkì àwọn ọmọ padà. Adúkẹ́ kò lọ sí Porto-Novo. Ẹnì kan lè ní, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò parí. Alága pè mí sí kọ̀rọ̀, ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ̀rọ̀.

"A ti tún un ṣe, Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀."

"Alàgbà, nígbà tí ẹ̀ ń ka ẹ̀sùn, gbogbo ìlú lẹ pè."

"Ìjọba kì í tọrọ àforíjì ní gbangba."

Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Èmi gbà. Ṣùgbọ́n kí ni èrè òtítọ́ tó bá irọ́ ní kọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọjà ni irọ́ náà ti ná? Ẹ̀sùn náà rìn dé Okpomèta, ó rìn dé Adakplamè. Ìdáre kò kúrò nínú ọ́fíìsì. Nígbàkigbà tí ipò olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ṣí sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nípa yín." Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ náà. Àdàpè ni, mo sì mọ àdàpè nígbà tí mo bá gbọ́ ọ.

Mo dúró ti pátákó mi. Nígbà tó yá, fóònù dé. Ọmọ àgbẹ̀ kan gbé àròkọ wá fún mi, ó ti bi fóònù rẹ̀, fóònù sì ti dá a lóhùn pé aṣọ ìyá rẹ̀ funfun bí òjò dídì. Mo bi í pé kí ni òjò dídì. Ó ní, "Ọ̀gá, nǹkan funfun ni." Mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà mo mú un lọ sí oko òwú bàbá rẹ̀. N kò bá fóònù jà. Irinṣẹ́ ni, bí ẹfun ti jẹ́ irinṣẹ́. Ẹ bi òun náà ní ohun tí ó fi kún ọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é. Mo rí ọmọ tí kò lè sọ gbólóhùn kan tó wá di agbẹjọ́rò. Mo rí Adúkẹ́ tó di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Adakplamè, àwọn ọmọ tirẹ̀ sì ń yege ju tèmi lọ. Kò sí oyè tí mo fẹ́ gbà dípò ìyẹn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún mi, ọgbà kún. Bí olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe ń yìn mí, ọkùnrin kan lẹ́yìn fi ẹ̀rín sọ fún ẹnì kejì rẹ̀, sókè tó tí a fi gbọ́: "Ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n ní ó tú ìdáhùn fún àwọn ọmọ nígbà kan?"

Adúkẹ́ dìde. "Èmi wà lára àwọn ọmọ náà. Kò sí ẹni tó tú nǹkan kan fún wa."

"Jókòó, ọmọ mi. Mò ń ṣeré ni."

"Èmi kò bá yín ṣeré, Bàbá."

Mo yíjú sí aṣojú ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ tó wà lórí ìjókòó iwájú, mo ní kí ó bá wa sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun kò tíì dé ibi iṣẹ́ nígbà náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jókòó.

Nítorí náà ni mo fi ń kọ ọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn á ti kà á. Kì í ṣe ẹnu Adúkẹ́ ló yẹ kó sọ ọ́, kì í sì í ṣe kálámù mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bèèrè: kí ẹni tó bá wà lórí àga ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ lónìí pe àwọn òbí Idigny jọ sínú ọgbà náà ní ọ̀sán gangan, kí ó ka orúkọ àwọn ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan pé: kò jalè. Díẹ̀ nínú àwọn òbí náà ti lọ. Ẹ ṣe é nígbà tí etí àwọn tó kù ṣì ń gbọ́ràn.